Kúdí, Má Torí AC Fiṣẹ́ Sílẹ̀

Sister Kúdí,

Jàmíù nìyí, àbúrò rẹ kan ṣoṣo, tí o kò gbé fóònù rẹ̀ láti àná. Lẹ́tà yìí kì í ṣe tèmi. Mummy ló ń sọ ọ́, èmi ni mò ń kọ ọ́, lórí tábìlì ìjẹun wa ní Moorings nílùú òyìnbó níbí, lọ́sàn-án Sunday. Mummy ń gé ẹ̀fọ́, wọ́n sì ń fi ẹnu ọ̀bẹ júwe ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ fi àmì ohùn sí. Wọ́n ní èmi ni kí n kọ ọ́ nítorí pé ọ̀dọ̀ Màmá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti pé ìyẹn nìkan ni ìwé tí mo kà parí. Wọ́n ní ìmọ̀ràn tí àwọn bá fi Gẹ̀ẹ́sì gbà ọ́, orí etí ló ń dúró sí, kì í wọlé.

Bó ṣe máa lọ nìyí: ibi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Mummy, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni màá ṣe kọ ọ́. Ibi tó bá jẹ́ tèmi, màá dárúkọ ara mi kí n tó la ẹnu. O mọ̀ pé mo lè sọ̀rọ̀ bíi Mummy débi pé Daddy máa ń dá mi lóhùn láti yàrá, nítorí náà fọkàn balẹ̀, àwọn gan-an lo máa gbọ́.

O ní kí n má sọ fún Mummy. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi Mummy. Ó yá, àwọn nìyí.

Kúdíráàtì ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tó gba gbogbo ìfarabalẹ̀ tó wà nínú mi, tó fi ariwo sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Mo kí ọ. Daddy yín kí ọ, wọ́n wà lórí bọ́ọ̀sì wọn, wọ́n ń kó àwọn èèyàn káàkiri. Mi ò ní bi ọ́ bóyá àlàáfíà lo wà, nítorí mo mọ̀ pé ara rẹ ò balẹ̀, o sì máa parọ́ fún mi. Mi ò wá sí yàrá rẹ ní Connaught Estate fúnra mi, nítorí bí mo bá wá, màá pariwo. Àwọn tí ẹ jọ ń gbé á gbọ́, ojú á tì ọ́. Nínú lẹ́tà, mi ò lè pariwo.

Jàmíù nìyí: Wọ́n ń pariwo báyìí.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kó o lè mọ̀ pé ó yé mi. Jàmíù ti fi ohun tó o kọ sórí BBM hàn mí. O ní ọjọ́ Friday ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìwọ nìkan sílẹ̀ kó o ti ọ́fíìsì, níbi tí ẹ ti ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn ilé ìwé ń lò, àwọn tí ẹ ń pè ní server. O wọ yàrá wọn láti wò ó nígbà ìkẹyìn, o bá AC tó ń fẹ́ fúù, kò sí èèyàn kankan níbẹ̀. O na ọwọ́ sí súwíìṣì ara ògiri, o pa á, o tilẹ̀kùn, o lọ sílé. O ní o ò tilẹ̀ mọ̀ pé o pa á. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Saturday, yàrá náà ti gbóná bí ilé ìdáná. Server kan ti pa ara rẹ̀ kó má baà jóná, dísìkì kan ti kú nínú òmíràn. Mànájà rẹ ní kó o wá rí òun lówùúrọ̀ Monday. Wọ́n ṣì ń dán ọ wò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà o ti kọ lẹ́tà pé o fiṣẹ́ sílẹ̀, kó o lè gbé e lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó lé ọ.

Má gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ohun tí mo ní í sọ nìyẹn. Gbogbo èyí tó kù, ìdí rẹ̀ ni.

Ìkíní. Ọwọ́ tó pa AC yẹn, èmi ni mo kọ́ ọ. Nígbà tí mo wà ní ọmọdébìnrin ní Mushin, lọ́dọ̀ àǹtí mi, mò ń lọ bùbá lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ. Mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí bùbá náà, mo bá ọ̀rẹ́ mi jáde lọ ṣeré. Wọ́n mú iná dé. Èéfín ló kí wa káàbọ̀. Bẹ́ẹ̀dì àǹtí mi ti jó dé ìdajì. Wọn ò nà mí. Láràárọ̀ ni wọ́n á kàn fà mí lọ́wọ́ yí gbogbo ilé ká kí á tó jáde, wọ́n á ní, "Pa á. Pa ìyẹn náà. Padà lọ wo èyí tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ pa." Wọ́n ṣe é títí ọwọ́ mi fi ń ṣe é láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo gbé wọ bàlúù wá sí ìlú yìí nìyẹn, òun ni mo sì fi kọ́ yín. Kí á tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, ta ló máa ń yí ilé ká? Ìwọ ni. Kẹ́tù, tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ìfọṣọ, gbogbo rẹ̀ lára ògiri. O kéré gan-an nígbà yẹn, o máa ń gun àpótí kó o tó lè dé ibẹ̀.

Jàmíù nìyí: Mummy pa fíríìjì nígbà tí a lọ kí àwọn ará wa ní Peckham. Mo fẹ́ kí ìyẹn wọ ìwé.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi ọ́ ní Monday pé kí ló dé, má sọ pé o ò mọ̀. O mọ̀. Sọ fún wọn pé nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ẹ kì í fi nǹkan sílẹ̀ kó máa jó iná fún yàrá òfìfo. Ṣùgbọ́n kí ìwọ náà mọ̀ pé yàrá yẹn ò ṣófo. Àwọn server yẹn ni ará ibẹ̀. Ohun tó dáàbò bo ilé wa ní Mushin, òun ló fẹ́ ba ibi iṣẹ́ rẹ jẹ́, ẹni tó bá sì mọ ibi tó ti wá ò ní bá ọ jà nítorí rẹ̀. Láti òní lọ, kó o tó fọwọ́ kan súwíìṣì nílé onílé, kọ́kọ́ bi ara rẹ pé: ta ló ń mí nípasẹ̀ nǹkan yìí?

Ìkejì. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ yìí ni Jàmíù ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún mi, ẹnu ló sì fi ń ṣe ìró ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọ̀nà kan wà tí ẹ ń gbà bá àwọn server sọ̀rọ̀, ó ń jẹ́ SNMP. Ó ní kọ̀ǹpútà kan ló máa ń yí wọn ká, á bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: báwo ni ara rẹ ṣe gbóná tó? Ṣé fáànù rẹ ń yí? Ṣé iná ń wọlé fún ọ dáadáa? Dísìkì rẹ ńkọ́? Server á dá a lóhùn pẹ̀lú nọ́ńbà, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á tún padà wá. Ó ní bí ara bá ń ni server kan gan-an, kì í dúró kí wọ́n bi òun. Òun fúnra rẹ̀ á ké jáde. Ó ní trap ni ẹ ń pe igbe yẹn.

Mo ní, "Jàmíù, dúró. Iṣẹ́ mi lò ń sọ yìí."

Kúdí, iṣẹ́ mi ni. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe carer ní Woolwich, tí mò ń tọ́jú àwọn arúgbó, kí ni mò ń ṣe bí kò ṣe pé mò ń lọ láti yàrá dé yàrá? Mò ń wo bí ara wọn ṣe gbóná, mò ń ka èémí wọn, mò ń wo bí omi tí wọ́n mu ṣe tó, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn ló sì ní bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n lè tẹ̀ bí nǹkan bá ń ṣe wọ́n. Ìbéèrè wà, igbe wà. Ohun kan náà ni. Ọmọ mi ń tọ́jú àwọn arúgbó onírin, kò sì sọ fún mi. Mo ti ń ronú pé bóyá ìwé tó o kà ti gbé ọ lọ síbi tí mi ò lè bá ọ dé. Ẹnu ọ̀nà kejì níbi iṣẹ́ mi lo wà.

Jàmíù nìyí: Mummy ti ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n dúró sí àárín ilé ìdáná, wọ́n ń kí àwọn server rẹ pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́: "Good morning, my darling, let me see that fan." Mi ò rí wọn báyìí láti ọjọ́ tí o yege ìdánwò rẹ.

Gbọ́ èyí dáadáa. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, mo rò pé ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì ló ń ṣàìsàn. Ìyá kan wà tó ń tẹ̀ ẹ́ nítorí pé kọ́tìnnì ò rí bó ṣe fẹ́, gbogbo wa á sáré lọ. Bàbá kan wà tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi rí, kì í tẹ̀ ẹ́ rárá. Mo máa ń sọ pé, ẹ wo bàbá dáadáa, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan mo gbé tíì wọlé fún wọn, mo fọwọ́ kàn wọ́n, ara wọn gbóná bí ìkòkò orí iná. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ní àwọn rí i pé ọwọ́ mi dí. Wọ́n gbé bàbá lọ sí ọsibítù, bàbá sì padà wá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tí kì í tẹ bọ́tìnnì ni mo kọ́kọ́ máa ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Jàmíù ní igbe tí server ń ké pàápàá lè sọnù sójú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Nítorí náà má jókòó de igbe. Máa béèrè. Server tó o bá bi léèrè tí kò dáhùn, má sọ pé bóyá ó ń sinmi. Dìde, lọ wò ó lójúkojú.

Ìkẹta kan ẹni tó ń kọ̀wé yìí. Kọ ọ́, Jàmíù.

Jàmíù nìyí: Mo ti sọ fún wọn pé ibí yìí ò pọn dandan. Wọ́n ní bí mi ò bá kọ ọ́, Daddy ló máa ka lẹ́tà náà kó tó kúrò nílé.

Ṣé o rántí ìgbà tí ẹni yìí ń fi ẹnu ké bí ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín? Tíí. Á dákẹ́. Bó o bá ti gbàgbé, tíí. Mo gun àga, mo pààrọ̀ bátìrì. Tíí. Daddy yín gun àga, àwọn náà pààrọ̀ rẹ̀. Tíí. Ọmọ yìí wà lẹ́yìn àga ìrọ̀gbọ̀kú, ó fi ìrọ̀rí bo ẹnu. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó ń dìde mọ́. Ọjọ́ tí mo wá gbàgbé epo lórí iná, ẹ̀rọ náà ké fúnra rẹ̀, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lù, mo jókòó pa, mo ní, "Jàmíù, màá wá bá ọ níbẹ̀ yẹn." Jàmíù ò sí nílé. Ó wà ní Birchmere Park, ó ń dá àwọn pẹ́pẹ́yẹ lóhùn. Ìgbà tí èéfín wọ parlour la tó mọ̀.

Jàmíù nìyí: Àwọn pẹ́pẹ́yẹ yẹn gbà pé ọ̀kan lára wọn ni mí. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

O sọ lórí BBM pé alert tó ń wọlé níbi iṣẹ́ yín pọ̀ débi pé kò sí ẹni tó ń kà á. Ọ̀kan ní ìwé tán nínú printer. Ọ̀kan ní ẹnì kan ṣílẹ̀kùn. Ọ̀kan ní server tutù bó ṣe yẹ. Ta ló ń kọ̀wé wá sọ pé òun ò ṣàìsàn? Níbi iṣẹ́ mi, ìgbóná kan wà tí a kàn máa kọ sílẹ̀. Òmíràn wà tí a máa fi pe nọ́ọ̀sì. Òmíràn wà tí a kì í dúró bi ẹnikẹ́ni, ambulance ni. Ẹ pín tiyín bẹ́ẹ̀. Èyí tó máa lé èèyàn dìde kúrò lórí àga, kó ṣọ̀wọ́n, kó lè jẹ́ pé bó bá dún, ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ kanlẹ̀ kí ẹnu tó béèrè.

Ìkẹrin.

Jàmíù nìyí, kò sí ìkẹrin. Mummy ti dìde. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i. O mọ server àlòkù tí o gbé wálé nígbà tí ò ń kàwé fún ìdánwò, èyí tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tó ń han-an-run bí àgbàlagbà? Mo tàn án. Mo ṣí ojú ìwé tí o ṣe sórí laptop ilé, èyí tó ń fi ìgbóná rẹ̀ hàn. Mummy wọ yàrá lọ, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun jáde, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ibi tí server fi ń mí sínú.

"Kí ló sọ?"

"Kò tíì sọ nǹkan kan, Mummy. Ṣe ló máa ń bi í láti àkókò dé àkókò."

"Ìwọ bi í nísinsìnyí. Sọ pé èmi ni mò ń béèrè."

Mo bi í. Nọ́ńbà náà ti gòkè. Mo tún bi í, ó tún ti gòkè. Fáànù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, gbogbo parlour ń hó. Mummy ní, "Ó ń làágùn, wò ó, ó ń wá atẹ́gùn. Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi." Wọn ò sì gbé ẹ̀rọ irun kúrò lójú ẹ̀. Àwọ̀ nọ́ńbà náà di pupa. Mummy gbé etí sún mọ́ laptop.

"Igbe yẹn dà?"

"Ó yẹ kó ti dé."

"Ó yẹ kó ti dé, àmọ́ ibo ló wà?"

Mo wọ inú ètò rẹ̀ lọ wò ó. Sister mi, ó ti ké. Ó ti ń ké láti ìgbà tó ti móoru. Laptop rẹ tí o gbé lọ sí Connaught ló ń ké sí. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé o ti kó kúrò nílé.

Mummy pa ẹ̀rọ irun. Ara ògiri ni wọ́n ti pa á. Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n wò mí, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa.

Mo yí àdírẹ́sì náà padà sí laptop tó wà níwájú mi. A tún kọjú ẹ̀rọ irun sí i. Bó ṣe di pupa báyìí ni laptop ké, gbogaga, pẹ̀lú orúkọ server àti iye ìgbóná rẹ̀. Mummy fi ìdì ẹ̀fọ́ gbá ara tábìlì, wọ́n ní, "Mo gbọ́ ọ. Mo ń bọ̀." Wọ́n fún server lómi ẹ̀mí, ìyẹn ni pé wọ́n ṣí fèrèsé. Fáànù rọra ń rọlẹ̀. A jókòó sílẹ̀, a ń kà á bó ṣe ń tutù, bíi pé ìbà ọmọ ló ń lọ.

Ìgbà náà ni Mummy ní kí n tún ohun tí o kọ sórí BBM kà, wọ́n wá mú ibì kan tí èmi fúnra mi ti fò kọjá. O ní gbogbo alert tí àwọn server fi ránṣẹ́ láti Friday, inú ímeèlì ọkùnrin tó wà lórí iṣẹ́ yẹn ṣáájú rẹ ni wọ́n bá wọn. Ó ti lọ láti ìgbà tí wọ́n ti gbà ọ́. Mummy ní, "Nítorí náà wọ́n ké. Wọ́n ké kó tó bàjẹ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Padà síbi tábìlì. Kọ ohun tí mo fẹ́ sọ."

Àbẹ̀kẹ́ mi, fi ara balẹ̀ ka ibí yìí. Ó máa wù ọ́ láti wọlé ní Monday kó o sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ímeèlì ọkùnrin yẹn. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Tìrẹ ni kó o kọ́kọ́ sọ. "Èmi ni mo pa AC. Kò sí ẹni tó rán mi. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí." Kó o wá dákẹ́. Jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn, kódà bó bá dùn ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o tó ní, "Nígbà tí mo sì ń wá ohun tó bàjẹ́, mo rí i pé àwọn server ti ké, ibi tí kò sí èèyàn ni igbe wọn ń lọ. Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe." Bó o bá yí i po, àwáwí ni. Bó o bá tò ó báyìí, wọ́n á rí ẹni tí wọ́n lè fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́.

Jàmíù nìyí: A gbìyànjú ẹ̀. Èmi ṣe mànájà rẹ, mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ rí lórí fóònù rẹ, imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Mummy ṣe ìwọ.

Mo ní, "Kúdíráàtì, ta ló pa AC?"

Mummy kúnlẹ̀.

Mo ní, "Mummy, Sister Kúdí ò ní kúnlẹ̀ nínú ọ́fíìsì."

"Kó kúnlẹ̀ díẹ̀."

"Òyìnbó ni ọkùnrin náà. Á rò pé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wá."

Wọ́n dìde, wọ́n gbọn búláòsì wọn. Wọ́n ní, "Ó dáa. Kó dúró. Kó má ṣáà ká apá lé àyà." Nítorí náà, dúró, má ká apá lé àyà.

Ohun tí èmi fi kún un nìyí, nítorí ìwọ lo kọ́ mi, mo sì ń fi í dá ọ lóhùn. Sọ fún wọn pé kí igbe náà máa lọ sórí fóònù ọ́fíìsì tí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bá mú dání, kó má lọ sí orúkọ ẹnikẹ́ni. Ní kí wọ́n jẹ́ kó o máa bi yàrá náà fúnra rẹ̀ léèrè bó ṣe gbóná tó, kì í ṣe àwọn server nìkan, nítorí yàrá ló kọ́kọ́ ń mọ̀ pé AC ti kú. O ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tí wọ́n fi ń bi àwọn server léèrè ṣì jẹ́ "public," bó ṣe wà nígbà tí wọ́n rà wọ́n. Ìyẹn dà bí ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ sí ẹnu ọ̀nà, yí i padà. Kí wọ́n sì fi ike bo súwíìṣì AC yẹn. Ọmọ Mummy míì lè tún gba iṣẹ́ níbẹ̀.

Mummy ní ó tó, wọ́n fẹ́ gba ẹnu wọn padà.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, má dá mi lóhùn lórí ìyẹn. Jàmíù ní àwọn server kan ní ọ̀nà méjì tí iná ń gbà wọlé fún wọn. Ó ní bí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa gbé e lọ, ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á ní kò sí nǹkan tó ṣe é, àfi bí o bá bi í léèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó sọ ìyẹn, ọ̀rọ̀ kan wá sí mi lọ́kàn. Láti ìgbà tó o ti kó lọ, bí mo bá pè ọ́, o máa ń ní, "I'm fine, Mummy," èmi náà á ní Alhamdulillah, màá gbé fóònù sílẹ̀. Ìbéèrè kan, ìdáhùn kan. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn arúgbó mi, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wá síbi iṣẹ́.

Nítorí náà mò ń béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ò ń jẹun lọ́sàn-án, àbí bísíkíìtì? Ṣé oorun tó ò ń sùn jẹ́ oorun? Yàrá tó o gbà, ṣé ó ń móoru? Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́? Ṣé o ti rẹ́rìn-ín láti Friday? Má kó wọn pọ̀ sójú kan dá mi lóhùn. Àti pé mo bínú díẹ̀ pé Jàmíù lo kọ̀wé sí, kì í ṣe èmi. Díẹ̀ ni. Ó ti ń lọ.

Kúdí, mi ò sọ pé wọn ò lè lé ọ. Wọ́n lè lé ọ. Bí wọ́n bá lé ọ, yàrá rẹ wà níbí, Jàmíù á kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé wọ́n gbọ́ ọ tán ni wọ́n lé ọ. Iṣẹ́ yìí, o fẹ́ràn rẹ̀. Mo rí ojú rẹ nígbà tó o ń tún server yẹn tò lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, o ò gbọ́ nígbà tí mo pè ọ́ wá jẹun, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo ń wò ọ́, mo sì gbé oúnjẹ náà padà kó má baà dí ọ lọ́wọ́. Má fi ọwọ́ ara rẹ pa á.

Jàmíù ló máa gbé lẹ́tà yìí wá, pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹ̀fọ́. Jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Ọ̀la, àárọ̀ ni shift mi, mo sì máa kọjá níwájú ọ́fíìsì yín. Màá sọ̀ kalẹ̀ ní bus stop tó wà ní òdìkejì títì. Màá dúró síbẹ̀ nínú uniform mi. Mi ò ní sọdá. Mi ò ní bá mànájà kankan sọ̀rọ̀, mo ti ṣèlérí fún Daddy yín. Mo kàn fẹ́ rí ẹ̀yìn rẹ bó ṣe ń wọ ẹnu ọ̀nà yẹn, kí n tó lọ wo àwọn tèmi.

Bó o bá rí mi, má sọdá wá. Má kúnlẹ̀, má kí mi, má ju ọwọ́. Láti ìgbà tí mo ti bí ọ, mi ò gbà kó o kọjá lára mi rí láìkí mi. Lọ́la, mo gbà. Wọlé lọ.

Mummy rẹ,
láti ọwọ́ Jàmíù